Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Tọpa Òjò Tí Ọfà Bà

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín máa yín àgbàdo lọ, kí etí yín wà lọ́dọ̀ tèmi. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó tètè máa lọ sílé, nítorí ìtàn yìí kò fẹ́ràn ẹni tó ń tòògbé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo máa ń yin ara mi, àwọn ẹranko igbó ló ń bá mi ṣe é. Ọ̀yà tó bá gbóhùn mi nínú ìgbẹ́, ńṣe ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iyọ̀ sára. Ṣùgbọ́n lónìí mo gbé ìyìn tèmi sílẹ̀, torí ọdẹ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ jù mí lọ. Ẹ ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí, ẹ ò sì ní í gbọ́ ọ mọ́. Ọdẹ́rìndé lorúkọ rẹ̀. Ẹranko tó dẹ kò ní ìwo, kò ní ìrù, ìbọn kò sì ràn án. Òjò ni.

Ìlú tí wọ́n bí Ọdẹ́rìndé sí ń jẹ́ Agbìnṣáájú. Ẹsẹ̀ òkè kan tó tutù ni ìlú náà wà, òkè tí ìrì kì í tètè gbẹ lára rẹ̀. Nítorí òtútù yìí, ẹ̀fọn kì í gun ibẹ̀, ẹnu àlejò ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn ibà. Ohun tí wọ́n sì fi ń yangàn láàárín gbogbo ìlú tó yí wọn ká wà nínú orúkọ wọn. Àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbìn. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti kan ilẹ̀ báyìí, tọmọdé tàgbà á tú síta. Gbogbo irúgbìn tó wà nínú ilé pátá ni wọn yóò kó lọ sóko, wọn yóò sì gbìn ín tán kí ilẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tí wọ́n bá bá ṣírí àgbàdo kan lórí àjà rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó gbé! Orin ni wọn yóò máa fi lé e kiri títí ọdún á fi yípo:

Ó ṣẹ́ ọ̀kan kù o, ojo!
Kò gba òjò gbọ́ o, ojo!
Àjà ló fẹ́, kò fẹ́ ilẹ̀ o, ojo!

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n o. Láyé àtijọ́, òjò kì í yẹ àdéhùn. Bó bá ti ní òun ń bọ̀, ó ti dé nìyẹn. Ẹni tó gbìn sínú àkọ́rọ̀ ló ń jẹ àgbàdo tútù nígbà tí àwọn aládùúgbò ṣì ń to ebè. Ọgbọ́n ni àṣà náà lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì bọ́ ọ̀pọ̀ ìran yó.

Ọdẹ́rìndé ló ń gba iwájú lọ́jọ́ ìgbìn. Ọdẹ ni, àgbẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Àyọ̀ká, ọmọbìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ dànù kí òmíràn lè hù.

Ni ayé bá yí. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, Agbìnṣáájú tú síta, wọ́n gbin gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú orin. Ojú ọ̀run wá pa dé. Oòrùn yan irúgbìn nínú ilẹ̀ bí ẹni yan ẹ̀pà. Nígbà tí òjò máa padà dé, ìbínú ló bá wá, ó gbá ebè lọ, ó gbá adìẹ lọ, ó wó ògiri. Wọ́n ní kò burú, àmọ́dún á sàn. Àmọ́dún dé, bákan náà ni. Èyí tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ebi wọ Agbìnṣáájú. Irun orí àwọn ọmọdé pọ́n, ikùn wọn yọ, ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Òkè tó máa ń tutù sì bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Ẹ̀fọn gòkè wá, wọ́n rí àwọn ara tí ebi ti pa sílẹ̀ dè wọ́n, ibà bá dé. Kò sí ilé tí wọn kì í ti í kérora. Nínú ilé Ọdẹ́rìndé, Àyọ̀ká ni ibà dá dùbúlẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá gbé e, ńṣe ni kò wúwo ju àpò ọdẹ lọ, ọkàn ọkùnrin náà á sì gbọgbẹ́.

Baálẹ̀ pe ìlú jọ. Kújọrẹ́, ẹni tó ń lé orin ìgbìn, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Baálẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòroó mọ̀. Ẹnì kan ló ń ṣẹ́ irúgbìn kù. Òjò ti mọ̀ pé a ò gba òun gbọ́ mọ́, ló ṣe ń bínú. Ẹ jẹ́ ká máa yẹ àjà wò láti ilé dé ilé!"

Àwọn èèyàn kígbe pé òótọ́ ni. Àwẹ̀ró wo ilẹ̀. Àmọ́ ọkọ rẹ̀ fò dìde. Ó ní, "Kújọrẹ́, orin lo mọ̀, o ò mọ ìgbẹ́. Mo ti tọpa erin, mo ti tọpa ẹkùn tó lóyún. Ohun tó bá ń lọ tó ń bọ̀, ó ní ipa ẹsẹ̀. N ó tọpa òjò dé ibùsùn rẹ̀, n ó so ó lókùn, n ó sì wọ́ ọ wálé. Ẹ má yẹ àjà onílé wò títí n ó fi dé."

Ìlú hó yeee. Ó délé, ó mú ìbọn, ó mú okùn, ó mú àpò. Àyọ̀ká ṣí ojú lórí ẹní.

"Bàbá mi, wọ́n ní òjò lẹ fẹ́ lọ dẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Tí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yìnbọn fún un. Ọ̀kan ṣoṣo la ní."

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a wọ inú ìgbẹ́.

Mi ò ní í sọ ibi tó sùn àti ibi tó jí fún yín, àwọn tó ń ta aṣọ ló ń wọn nǹkan. Ipa òjò ló ń tọ̀. Àbí ẹ rò pé òjò kì í ní ipa? Olú tó hù lára igi jíjẹrà, ipa òjò ni. Ìgbín tó yọrí nínú ìkarahun, ipa òjò ni. Kọ̀ǹkọ̀ tó ń ké létí àbàtà, orúkọ òjò ló ń pè. Ọdẹ́rìndé ń ṣa ìgbín tó bá rí sínú àpò, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ipa yìí ń yà á lẹ́nu. Ó yà sápá ọ̀tún, ó ṣẹ́rí padà láìnídìí. Ó yí ojú kan po títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi di ẹrẹ̀, ó sì fo ibi tó tẹ̀ lé e dá pátápátá. Ọdẹ́rìndé ní, "Ẹranko wo ló ń rìn báyìí?" Ó mọ ìdáhùn bó ṣe mọ orúkọ bàbá rẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ kó wá sẹ́nu òun.

Nígbà tí ipa náà wọ Igbó Ọ̀gbẹlẹ̀, iwin kan dìde sí i lójú ọ̀nà. Ẹnu iwin náà sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ahọ́n rẹ̀ gùn dé orúnkún, òun ló sì fi ń lá òógùn ara àwọn èrò ọ̀nà títí wọn yóò fi gan bí ẹja gbígbẹ. Ó ní, "Ọdẹ, òógùn rẹ ni àbí ẹ̀mí rẹ?"

Ọdẹ́rìndé fọwọ́ sọ àyà. "Èmi ọmọ Agbìnṣáájú! Ọmọ agbìn-kí-ilẹ̀-tó-gbẹ! Ojú tó ti rí òkun kì í bẹ̀rù ọ̀sà!"

Wọ́n wọ̀yá ìjà. Ọdẹ́rìndé gbé e ṣánlẹ̀, ilẹ̀ mì. Iwin fi ahọ́n lá a lẹ́yìn ọrùn, agbára bàbá náà dín. Ó tún gbé e ṣánlẹ̀, iwin tún lá a. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tó ń rẹ́rìn-ín yìí, ká ní ọkọ yín ni, orí igi ni ẹ bá ti bá a! Nígbà tí ojú Ọdẹ́rìndé ń ṣú lọ, ọwọ́ rẹ̀ ba ìgbín nínú àpò. Ó fi eyín ṣẹ́ ìdí rẹ̀, ó sì da omi ẹ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí iwin náà lẹ́nu. Kíá, iwin tú u sílẹ̀, ó jókòó, ó bú sẹ́kún.

Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún mi ní omi. Ọdẹ, o ò mọ̀ mí. Odò ni mí tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá ìyá rẹ ti ń pọnmi. Igi tó wà létí mi ni wọ́n gé, òjò kò rí abẹ́ tí yóò ti sinmi mọ́, ló bá yà mí sílẹ̀. Ẹnu gbígbẹ ló sọ mí di apànìyàn." Ó nawọ́ sí ọ̀nà. "Ọ̀dọ̀ àwọn Amùjẹ̀ ló gbà. Bó o bá rí i, bá mi bi í bóyá ó ṣì rántí mi."

Ọdẹ́rìndé fi ìgbín mìíràn sílẹ̀ fún un. Ó lọ pẹ̀lú ìrònú, torí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé odò lè di iwin.

Ìlú Amùjẹ̀ ni ìlú àwọn ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ibẹ̀ ga tó èèyàn, wọ́n wọ agbádá, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ìjòyè. Wọ́n mú Ọdẹ́rìndé lọ síwájú ọba wọn. Ọba náà sanra, ikùn rẹ̀ pọ́n dòò. Ó ní, "Àlejò, ẹni tó bá já àlọ́ mi ló ń kọjá, ẹni tí kò bá já a di oúnjẹ. Ta ló ń jẹun lára ọba, tí ọba á gbá ara rẹ̀ létí?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Ìwọ gan-an ni! Ẹ̀fọn! Baálẹ̀ wa ti gbá ara rẹ̀ létí títí etí rẹ̀ fi wú."

Ọba náà rẹ́rìn-ín, ó pàṣẹ kí wọ́n gbé àga fún un. Ó ní, "Agbìnṣáájú! Bá mi kí àwọn èèyàn rẹ, wọ́n ṣe wá lálejò gan-an. Nígbà ayé bàbá rẹ, òtútù ni oníbodè òkè yín, kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa gòkè. Ooru ti lé oníbodè náà lọ. Ẹ tún ṣe é ní méjì. Nítorí pé òjò ń tàn yín jẹ, ẹ ń fi ìkòkò àti garawa gba omi pamọ́, ẹ kì í bò wọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣègbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ. Ebi wá ń bá wa ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ tó yó, a máa ń jà kí a tó dá a dùbúlẹ̀. Èyí tí ebi ń pa, ńṣe la kàn ń ti í."

Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé Àyọ̀ká ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ọdẹ kì í bínú lójú ẹran. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ fẹnu ara yín júwe ilé yín. Ìdérí ìkòkò ni n ó kọ́kọ́ mú nígbà tí mo bá délé." Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọba náà, ó jáde. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Lẹ́yìn ìlú yẹn ni ipa náà wọ Iná-Kì-í-Kú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi àgbàdo yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Iná ni ìlú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iná wà ní iwájú ilé, iná wà lẹ́yìnkùlé, iná wà lórí òrùlé. Èéfín sì ń ti orí ilé wọn gòkè gẹrẹrẹ, ó dúdú, ó tọ́ bí ọfà tí wọ́n fà lójú ọsán ọrun. Kò sí oko ní ìlú náà, kò sí ebè kan. Síbẹ̀, ìrẹsì jókòó bí òkè, ẹran kún àwo, àwọn èèyàn ibẹ̀ ń jẹ ìdajì, wọ́n ń da ìdajì nù. Ọba wọn, Oníná, gba Ọdẹ́rìndé tọwọ́tẹsẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò bú u, kò halẹ̀ mọ́ ọn.

Ọdẹ́rìndé bi í pé, "Kábíyèsí, kí lẹ ń sè lórí iná tó pọ̀ tó yìí?"

Oníná ní, "A ò se nǹkan kan. A kò kàn fẹ́ kó kú ni."

"Èéfín rẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í yọ wá lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ ń bá wa gbé e lọ."

Ọdẹ́rìndé ní, "Kábíyèsí, afẹ́fẹ́ kì í gbé nǹkan sọnù. Ó máa ń gbé e fún ẹlòmíràn ni."

Ó gbójú sókè wo ibi tí èéfín náà ń lọ. Ìgbà yẹn ló rí i. Ní òkè réré, nínú àwọsánmà, nǹkan ńlá kan ń sáré kọjá. Èéfín náà ń lọ tààrà, ó ń gún un ní ẹ̀gbẹ́, ó ń gún un ní ìhà, nǹkan náà sì ń yí ara kiri, ó ń kérora bí àrá. Ìrònú tí Ọdẹ́rìndé ti ń lé sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí jáde sẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Yéè! Ẹran tí ọfà bà ni mo ń tọ̀!"

Ó yíjú sí Oníná, kò bẹ̀rù adé. "Kábíyèsí, ọdẹ lẹ̀yin náà, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ẹ ti ta òjò lọ́fà. Ní ìlú wa, ẹni tó bá ṣá ẹran lọ́gbẹ́ ló ni títọ̀ ọ́. Kì í fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kì í sì í ta òmíràn lé e. Ẹ pa iná yín kù, kí ẹ sì dìde ká jọ lọ wo ohun tí ẹ ṣe. Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan."

Oníná mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, pé ìjòyè òun yóò ṣe ìpàdé lé e lórí. Ó ní kí Ọdẹ́rìndé jókòó jẹun títí ìpàdé á fi parí, pé bó bá tilẹ̀ fẹ́ máa gbé ibẹ̀, àwo rẹ̀ kò ní í gbẹ láéláé. Ẹ ò rí i? Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n gbé ìrẹsì tó ń yọ ooru ka iwájú rẹ̀! Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹsẹ̀ Àyọ̀ká. Ó ní, "Oúnjẹ tí ọmọ mi kò ní í jẹ níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun mi kò mọ̀ ọ́n." Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó jáde. Ní ti ìpàdé yẹn, wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní. Bó bá parí, n ó ránṣẹ́ sí yín.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan wà lẹ́yìn ayé, ibẹ̀ ni ipa náà parí sí. Ibẹ̀ ni òjò dùbúlẹ̀ sí, ó tóbi ju gbogbo òkè tí ẹ mọ̀ lọ, awọ rẹ̀ dúdú mọ́ eérú, ọgbẹ́ sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Bó bá yí sápá kan, omi á ya lu àfonífojì kan. Bó bá sé èémí, ilẹ̀ á sán ní òdì kejì. Ọdẹ́rìndé tó sọ pé òun yóò so ó lókùn, okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìbọn rẹ̀, ó rántí ẹ̀bẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Òjò, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Òjò ní, "Ọdẹ́rìndé, o kú ìrìn. Ìwọ nìkan ni ọdẹ tó tọ̀ mí débí. Ṣé o wá parí mi ni?"

"Rárá o. Ọmọ mi ní ọ̀kan ṣoṣo la ní. Odò kan tún ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì rántí òun."

Omi bọ́ lójú òjò. Ó ní, "Mo rántí gbogbo wọn. Ẹ gbin igi padà sí i létí, bí mo bá ń sáré kọjá n ó lè dúró mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n má tan ara rẹ, ọdẹ. Mi ò lè tọ ojú ọ̀nà mi àtijọ́ mọ́. Ibi tí ìrora bá lé mi gbà ni mò ń gbà. Nígbà mìíràn mo máa ń ya Agbìnṣáájú fún ìṣẹ́jú kan kí n tó rántí pé mi ò lè dúró. Ẹ̀yin ẹ wà lójú kan náà, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ní, ẹ ń dúró dè mí. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ. Bí ẹran tí kò ṣe nǹkan kan bá ń bọ̀, níbo ni ọdẹ ń lúgọ sí?"

Ọdẹ́rìndé yọ àyà. "Ojú ọ̀nà rẹ̀ ni! Gbogbo wa á lúgọ síbi kan náà, torí kò ní í gba ibòmíràn."

"Bí ọfà bá ti bà á ńkọ́?"

"Há! Ẹran tí ọfà bà kì í tọ ojú ọ̀nà àtijọ́! Ọmọdé ọdẹ ló ń dúró síbì kan. Àwa a máa pín ara wa ni, ẹnì kan lókè, ẹnì kan létí omi, ẹnì kan lẹ́yìn. Bó bá yẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, èkejì ńkọ́? Bó bá yẹ̀ fún èkejì..."

Ó fọwọ́ gbá iwájú orí. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí i pa dé. Òun tó mọ èyí láti kékeré, òun ló ń gba iwájú lọ́dọọdún kó gbogbo irúgbìn lọ síbi ìlúgọ kan ṣoṣo. Òjò rẹ́rìn-ín díẹ̀, òjò tín-ín-rín kan sì sẹ̀ sí ọdẹ náà lórí. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, máa lọ sílé."

Ó sáré wálé. Nígbà tó kọjá Igbó Ọ̀gbẹlẹ̀, ó jẹ́ iṣẹ́ òjò fún odò náà, odò sì yà fún un lójú ọ̀nà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ Agbìnṣáájú, ẹ̀rù bà á fún ìgbà àkọ́kọ́, torí kò mọ ohun tí yóò bá lórí ẹní. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Àyọ̀ká jókòó, ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwẹ̀ró ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ fún un. Ayọ̀ kò jẹ́ kí ọkọ béèrè ibi tí ìyàwó ti rí ẹ̀kọ ní ìlú tí kò ní àgbàdo.

Ìlú pé jọ. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa bo ìkòkò omi, kí wọ́n gbin igi sétí odò. Ó wá ní, "Ìlú mi, ọ̀nà kan ò wọjà. A ò ní í kó gbogbo irúgbìn sínú àkọ́rọ̀ mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta la ó pín in sí, ká gbin ìdá kan, ká lúgọ de òjò pẹ̀lú ìyókù."

Kújọrẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbànújẹ́ sì ni. "Irúgbìn wo, Ọdẹ́rìndé? A ti gbìn ín tán. Ó ti kú sínú ilẹ̀. O gbé ọgbọ́n wá fún àjà òfìfo."

Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀. Gbogbo ìrìn yẹn, gbogbo ìjà yẹn, nítorí kí ni?

Àwẹ̀ró dìde. Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ńlá lórí. Ó sọ̀ ọ́ síwájú Baálẹ̀. Ìdì àgbàdo ni, èéfín ààrò ti sọ ọ́ di dúdú, ọkà bàbà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ọdún tí àkọ́rọ̀ kọ́kọ́ tàn wá ni mo ti ń ṣẹ́ díẹ̀ kù. Mo tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn ìkòkò lórí àjà. Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ kú, mo lọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì bu fún ọmọ aládùúgbò. Ìyókù nìyí. Bàbá Àyọ̀ká kò mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọrin, èmi ni kí ẹ kọ ọ́ fún."

Kújọrẹ́ la ẹnu. Ó gbé e, "Ó ṣẹ́ ọ̀kan kù o..." Kò sí ẹni tó gbè é. Gbogbo ojú wà lára Ọdẹ́rìndé, aṣáájú ìgbìn, ẹni tí ìyàwó ara rẹ̀ fi àṣà ìlú ṣẹ̀sín. Ìtìjú kọ́kọ́ bò ó, ó gbóná dé etí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan mìíràn wú nínú rẹ̀, ó ju ìtìjú lọ. Ó ṣí fìlà ọdẹ tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó rìn lọ bá Àwẹ̀ró, ó sì fi dé e lórí lójú gbogbo ayé.

Ó ní, "Mo rìn dé ẹ̀yìn ayé lọ kọ́ ohun tí obìnrin yìí mọ̀ lẹ́bàá ààrò. Òun ló ti ń lúgọ de òjò nígbà tí àwa ń jó. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Agbìnṣáájú, ẹ kí olórí ọdẹ yín!"

Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Kújọrẹ́ ló sì yí orin náà padà, torí ẹni tó mọ orin kì í pẹ́ẹ́ rí ohùn:

Ó ṣẹ́ ọ̀kan kù o, akin!
Ó mọ ìrìn òjò o, akin!

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹ gbọ́, ìjà iwin kò tó ti ọjọ́ yẹn. Òórùn ilẹ̀ tútù gba ìlú, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ń yún wọn, ọkọ́ ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní láti jókòó lórí ìyókù! Ìdá kan ni Àwẹ̀ró pín. Oòrùn jó o. Ó pín èkejì. Àgbàrá wọ́ ìdajì rẹ̀ lọ. Ó pín ẹ̀kẹta, ó fi ọkà bàbà tí kì í bẹ̀rù ọ̀dá sí i. Òjò dúró tì í, ó sì hù. Kì í ṣe pé oúnjẹ kún títí ó fi dànù, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan tí wọ́n sin lọ́dún náà nítorí ebi, irun orí àwọn kékeré sì padà dúdú.

Àyọ̀ká ni wọ́n sun àgbàdo tútù àkọ́kọ́ fún. Eyín iwájú rẹ̀ ti hù, ó gé e jẹ wẹ́wẹ́. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ò yìnbọn fún un?"

"Mi ò yìn, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé o, bàbá."

Ọmọ náà dàgbà, ó lọ́kọ, ó bí ọkùnrin onífáàrí kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni. Ẹ ò wá rí ibi tí mo ti rí ìgbéraga? Ṣírí àgbàdo dúdú tí mo dì mọ́wọ́ láti àárọ̀ yìí, tí ẹ rò pé ọ̀pá àgbà ni, ọmọ-ọmọ àgbàdo Àwẹ̀ró ni. Ó yá, ẹ wo iwájú yín. Ta ló ti yín gbogbo tirẹ̀ tán láìṣẹ́ ọ̀kan kù? Mo rí ọ, má fi ìró bò ó. Wá gba èyí lọ́wọ́ mi, gbé e lọ kọ́ sórí ààrò ìyá rẹ, kí èéfín ilé wa rí iṣẹ́ rere ṣe.